Ṣé Ó Bófin Mu Láti Rọ Ààrẹ Tí A Dìbò Yàn Lóyè?

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ti jẹ ìrẹsì tán tí a ń to àga jọ, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí kò tán títí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tí gbogbo ìlú bá ti dìbò yàn, ìbò mìíràn nìkan ló lè yọ ọ́; ìdìtẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lóhùn pé bí Ààrẹ bá ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀daràn, kí ẹni tó bá lágbára lé e, ìbáà ṣe sójà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló mú mi kọ èyí, nítorí lójú tèmi àwọn méjèèjì ló ṣì í, ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹ̀gbọ́n wa léwu ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin tiwa ná. Abala 143 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gbà pé a lè rọ Ààrẹ lóyè bó bá hu ìwà àìtọ́ tó burú jáì. Òfin kan náà tó sọ bí Ààrẹ ṣe ń wọlé ló sọ bó ṣe lè jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀, ó kéré tán, ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, ẹ̀dà rẹ̀ yóò sì dé ọwọ́ Ààrẹ láàárín ọjọ́ 7. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà pé kí a wádìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Adájọ́ Àgbà yóò yan ènìyàn 7 tí kì í ṣe aṣòfin, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, láti gbọ́ ẹjọ́. Ààrẹ lè rojọ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè gba lọ́yà. Bí àwọn 7 náà bá ní ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n bá ní ó fìdí múlẹ̀, ilé méjèèjì yóò tún dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tó kúrò lórí àga.

N kò ní fi ihò tó wà níbẹ̀ pa mọ́. Yàtọ̀ sí rírú òfin ìpìlẹ̀, òfin náà ní ìwà tí àwọn aṣòfin bá rí sí ohun tó burú jáì, ó burú jáì nìyẹn. Ẹni tó mú kóńgò lọ́wọ́ ló tún ń sọ bó ṣe kún tó. Nítorí náà, àwọn ìgbésẹ̀ tí mo kà sílẹ̀ yìí ni gbogbo ààbò tí ìbò wa ní.

Ìbàdàn ni mo ti mọ bẹ́ẹ̀. Gómìnà ni ọ̀ràn náà kàn, kì í ṣe Ààrẹ, ṣùgbọ́n abala 188 tí a fi ń yọ gómìnà jọ 143 bí ìbejì. Ní ìparí 2005, aṣòfin 18 nínú 32 kó ara wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ni ilé aṣòfin. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní 2006, wọ́n ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja, igbákejì rẹ̀ sì gorí àga. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò lè dín ní 22! Òfin sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò; irú gbólóhùn yẹn ni ilé ẹjọ́ dì mú nígbà tí aṣòfin Kàdúná yọ Gómìnà Balarabe Musa ní 1981. Lọ́tẹ̀ yìí, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2006 pé ẹni tó bá gba ọ̀nà òfin nìkan ni gbólóhùn yẹn ń dáàbò bò. Ladoja padà sípò. (Láti 2025, òun ni Olúbàdàn, kí adé pẹ́ lórí.)

Ẹnì kan lè ní ọgbọ́n òyìnbó ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ Mèsì lágbára láti kọ Aláàfin tó bá ṣi agbára lò, Baṣọ̀run ló sì ń jíṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gáà di Baṣọ̀run, ó fi àṣẹ yìí rán ọba tẹ̀lé ọba lọ sọ́run, òun ni olùfisùn, òun ni adájọ́, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Àṣẹ náà tọ́; ẹni tó kó o sápò ara rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Kí ọ̀rẹ́ mi wo Gúúsù Kòríà. Ní oṣù Kejìlá 2024, Ààrẹ Yoon Suk Yeol, ẹni tí wọ́n dìbò yàn, kéde òfin ológun. Aṣòfin 204 nínú 300 fẹ̀sùn kàn án, ilé ẹjọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, adájọ́ 8 sì fẹnu kò ní oṣù Kẹrin 2025 pé kó máa lọ. Ní oṣù Kẹfà, ará ìlú dìbò yan ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ wá wo tiwa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Shehu Shagari búra lẹ́ẹ̀kejì, sójà gbàjọba. Kò rí ìwé ẹ̀sùn, kò rí ènìyàn 7. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jó ní títì, nítorí ìjọba náà ti sú wọn lóòótọ́. Ní 1984, Òfin Kẹrin ti àwọn ológun rán akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n. Ta ni àwọn tó jó náà fẹ́ fún ní ìwé ẹ̀sùn?

Mo ti tún ìwé òfin ẹgbẹ́ wa kà. Ó sọ bí a ṣe ń yan ààrẹ ẹgbẹ́, kò sọ bí a ṣe lè yọ ọ́. N óò mú àbá wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ààrẹ wa jọ̀wọ́ má bínú. Kì í ṣe òun ni mo ń lé.