Dádì, Omi Ti Gbóná

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń pè mí ní Tíṣà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìntì,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó bá yín wí. Àbúrò mi kan ṣoṣo, tí a jọ mu ọmú kan náà, ṣàìsàn fún ọdún kan gbáko lójú mi, mi ò sì mọ̀ pé àìsàn ni. Ìwàásù ni mo ń ṣe fún un.

Télọ̀ ni. Ẹ̀yin náà sì mọ àwọn télọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì," tí Ẹtì ń di Ẹtì míì, ta ni yóò fura? Ta ló ń gba télọ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀? Aṣọ ẹbí tí wọ́n kó fún un nínú oṣù Kẹsàn-án, láìgé ni wọ́n kó o padà nígbà Kérésì. Ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bú u tẹ́rùn, ó pè é ní onírọ́, ó pè é ní olè. Àbúrò mi di àlùmọ́gàjí mú, ó ń wo ìyá náà lẹ́nu. Kò bẹ̀bẹ̀, kò jà. Ẹni tó máa ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín títí oníbàárà á fi gbàgbé pé ìjà lòun bá wá! Èyí nìkan tó kí n ta gìrì. Mi ò ta gìrì.

Ó ní orí ń gbóná òun, pé ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Bí púpọ̀ nínú wa ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọkàn ló ń ṣàìsàn, orí la ó fọwọ́ kàn, tàbí àyà, tàbí ẹ̀yìn. Ni a bá gbà pé ibà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ibà pẹ̀lú taifọ́ọ̀dù ni, oníkẹ́míìsì kó oògùn jọ, ó gbé e mì. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi ń jí ní aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́, tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. A mú un lọ sí ilé àdúrà kan. Alàgbà ni mí, mi ò kọ àdúrà, mo sì ń gbà á fún un títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó níbẹ̀, mo ṣe àmín.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń lọ bá a nílé. N ó ka ìyà tí èmi náà ti jẹ fún un, látorí owó ìfẹ̀yìntì tó há dé orí ọmọ tí mo sin. "Ṣebí ọkùnrin ni ẹ́. Ṣọkàn gírí. Wo àwọn tí kò rí jẹ." Á ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá." Ìgbà tí ara rẹ̀ yá ló tó sọ fún mi pé gíláàsì fèrèsé tó wà lẹ́yìn orí mi lòun máa ń kà títí n ó fi wí tán. Mẹ́rìndínlógún ni. Ọ̀kan ti sán.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí n mọ̀. Abúlé Àrò ni wọ́n ti bí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ̀ ń fi Àrò bú ara yín. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí kò bá yín lára mu, ẹ ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Àrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún yín. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí, tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní Àrò. Kò fẹ́ máa ti aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, wọ́n sì ń gba owó yàrá. Àmọ́ májẹ̀mú kan wà: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó máa bá a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì jọ padà sílé. Dókítà Lámbò kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá sẹ́yìn, ó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn òyìnbó wá wò ó láti òkè òkun.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá mi gba obìnrin kan báyìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Aláìsàn náà kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ìṣin, á da ẹ̀wà sórí atẹ, á máa ṣa á. Àbúrò á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, a kì í gbọ́ ohùn wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí i tí ọwọ́ aláìsàn wọ inú atẹ, tó mú òkúta kan, tó sọ ọ́ nù. Ẹ̀gbọ́n kò yíjú wò ó. Kò ké sí ìyá mi pé kó wá wò. Ó ń ṣa ẹ̀wà tiẹ̀ lọ.

Ojú mi ló ṣe, síbẹ̀ nígbà tó kan ọmọ ìyá mi, ẹnu ni mo gbé lọ bá a.

Àbíkẹ́yìn àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò mọ Àrò yàtọ̀ sí èébú, òun ló ṣe ohun tó yẹ. Kò béèrè pé kí ló ń ṣe bàbá òun. Láàárọ̀, á gbé omi kaná, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí balùwẹ̀, á fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ilẹ̀kùn, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá: "Dádì, omi ti gbóná." Bí bàbá bá dìde, ó dáa. Bí kò bá dìde, á fi omi náà fọ aṣọ, bó bá di ọjọ́ kejì á tún gbé òmíràn kaná. Mo tiẹ̀ bá a wí nígbà kan pé ó ń kẹ́ bàbá rẹ̀ ní àkẹ́bàjẹ́. Mi ò mọ̀ pé láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀ ti jìn fún àbúrò mi ju Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn lọ.

Lóru ọjọ́ kan, ní aago mẹ́ta yẹn, ọmọ náà lọ jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ń rò ó pé kí ẹ kúkú kú ni?" Àbúrò mi dákẹ́ pẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti ìgbà Ọdún Àjíǹde lòun ti ń wá ẹni tí òun máa sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo gbọ́, inú bí mi. Irú ìbéèrè wo nìyẹn lẹ́nu ọmọ? A gbà pé ẹni tó bá dárúkọ ikú ló pè é wá. Irọ́ ni o. Àwọn dókítà ti wádìí rẹ̀ dáadáa: ìbéèrè kì í gbin ikú sọ́kàn ẹni, ńṣe ló máa ń bá a sọ ẹrù tó ti ń dá rù kalẹ̀. Ọmọ náà kò fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku àti àjẹkù oògùn ibà inú ilé lọ fún aládùúgbò, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ irú "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ọmọ náà mú ìwé kékeré kan dání, tó ti ń kọ iye wákàtí tí bàbá rẹ̀ ń sùn àti ohun tó ń jẹ sí. Dókítà kà á, ó ní àárẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyí, pé àìsàn ni bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kọ oògùn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnu gbígbẹ nìkan la rí. Mo ti fẹ́ ní kó dà á nù. Oògùn yìí kì í ṣe Panadol. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ara bá sì yá tán, a ṣì máa ń lò ó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ìgbà tí ara bá yá yìí gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn àgbà bíi tèmi tí yóò máa ní, "Ṣebí ara ti yá, kí lo tún ń gbé mì?" Dókítà ló máa sọ ìgbà tí yóò dín in kù.

Ẹ má sì ti iṣẹ́ ìtọ́jú yìí sọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ náà rù, mi ò rí i. Ó pàdánù ìdánwò kan. Nígbà tí ojú mi là, a pín ọjọ́: Ìṣẹ́gun di tèmi, Ọjọ́bọ̀ di ti àbúrò ìyàwó àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, owó yín dára, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta òru wa níbí, aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ni ní Houston. Ẹ ò tíì sùn. Ẹ pe aláìsàn yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ má fi àdúrà oníṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí ẹ wá rò pé ẹ ti ṣe tiyín.

Òfin wèrè tí òyìnbó ṣe fún wa ní 1916, oṣù Kìíní 2023 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọwọ́ lu òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Bí òfin bá pẹ́ tó yẹn kó tó yí padà, pé èmi náà pẹ́ kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ṣì kéré. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá tó mi.

Àbúrò mi ti padà sídìí máṣíìnì. Lóṣù tó kọjá, mo gbé léèsì fún un. Ó wọ̀n mí, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì pé, mo lọ. Kò tíì gé e. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe tàbí nǹkan yẹn ló tún fẹ́ dé. Mo fa àpótí, mo jókòó, mo bá a ń yọ òwú lára bùbá kan.

Èmi ni bàbá yín,
Tíṣà.