Níbi Tí Wọn Kì Í Ti Í Sọ Pé "Má Fọwọ́ Kàn Án"

Ta ni nínú wa tí wọn kò fi gbólóhùn náà tọ́ dàgbà: "Má fọwọ́ kàn án"? Láìpẹ́ yìí, èmi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ lọ sí ibi tí gbólóhùn yìí kò ti wúlò, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà.

N óò kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Màmá mú aago ọwọ́ bàbá wa olóògbé wá láti Ìbàdàn, kí ọmọ náà lè jogún rẹ̀. Kò pé ọjọ́ méjì tí ọmọ fi tú ẹ̀yìn aago. Wẹ́wẹ́ la bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá kò pariwo. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ ìnujú, wọ́n fi sínú báàgì wọn, wọn kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Exploratorium ni orúkọ ibi tí a lọ, ilé ńlá kan létí omi, ní Pier 15. Frank Oppenheimer, onímọ̀ físíìsì, ló dá a sílẹ̀ ní 1969. Àbúrò Robert Oppenheimer ni, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ní 1949, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Frank ní Yunifásítì Minnesota nítorí pé ó ti bá ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ṣe rí. Ó wá lọ ń sin màlúù ní Colorado, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀. (Ẹni tó ti sin màlúù kò ní í sọ fún ọmọdé pé kó máa wo nǹkan láti òkèèrè.)

Gbogbo nǹkan inú ilé náà ló ń dúró de ọwọ́. Ìkùukùu kan ń yí bìrìbìrì bí ìjì, èèyàn sì lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹni tó ń rojọ́.

Báyìí la dé ibi omi mímu kan. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ funfun, irú èyí tí a ń fi omi ṣàn, ni wọ́n fi ṣe é! Wọn kò lò ó rí fún iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́, omi tó mọ́ ló sì ń tú jáde níbẹ̀. Ọpọlọ gbà, ọ̀fun kọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn dán wò lára ara rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú síbòmíràn. Èmi náà rántí pé òùngbẹ kò gbẹ mí.

"O ní wọn ò lò ó rí?" Màmá bi mí.

"Rárá o, Màmá."

"Omi gidi sì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi ọwọ́ kan di gèlè mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mu ún.

"Màmá àgbà!" Ọmọ náà kígbe, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì já kúrò lẹ́yìn. Kí a tó mọ̀, òun náà ti tẹ ẹnu mọ́ ọn, omi ti rin àyà ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa padà sí Oakland, Màmá yọ aṣọ ìnujú náà nínú báàgì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan wọn.

"Ọkọ mi, èwo ló ń mú un rìn nínú ìwọ̀nyí?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìka sún kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan, ó ní kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ló ń ti èkejì. Màmá ní kó fi han àwọn, ṣùgbọ́n kó rọra, nítorí ọkọ̀ náà ń mì.