Bí Ìwé Rẹ̀ Bá Ti Gbó, Ẹ Sọ̀ Ọ́ Kalẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò bí àwọn tó máa ń wọ bàálù láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá nínú. Bí òṣìṣẹ́ inú bàálù kan bá dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀, tí àtúnṣe tuntun kò sí nínú ìwé ìlànà ààbò ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, kí bàálù náà dúró. Kí èrò pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun wọn yóò fi gbẹ.

Mo mọ èsì tí n ó gbà ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀ níbí. Ifẹ̀ kò ní pápá bàálù. Ẹni tó bá fẹ́ fò láti ọ̀dọ̀ wa yóò kọ́kọ́ fi mọ́tò dé Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Èkó, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní, "Àwọn ọmọge tó ń pín bisikíìtì yẹn náà? Ṣebí páílọ́ọ̀tì ló ń wa ọkọ̀, Ọlọ́run ló sì ń ṣọ́ni." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dírẹ́bà tó ń kó èrò níwájú wọn yẹn mọ̀ pé bí ìwé ọkọ̀ òun bá ti kú, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè dá òun dúró kí òun tó dé Ìbàdàn, kò sì ní bi í bóyá ó mọ ọkọ̀ wà. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ilẹ̀kùn bàálù wà ní ìkáwọ́ rẹ̀?

Kì í ṣe nítorí bisikíìtì ni òfin Amẹ́ríkà fi ní kí òṣìṣẹ́ kan wà fún àga 50 nínú bàálù ńlá. Nítorí ọjọ́ tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni. Kí bàálù tuntun tó gba ìwé àṣẹ, olùṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé èrò lè jáde tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 90, pẹ̀lú ìdajì ilẹ̀kùn ní títì.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 1985, Boeing 737 ti British Airtours gbiná ní Manchester níbi tó ti ń sáré àtigbéra. Kò kúrò nílẹ̀ rárá. Síbẹ̀ èèyàn 55 kú, méjì nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù, èéfín ló sì pa ọ̀pọ̀ jù. Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ apá bàálù já lu èrò tó jókòó tì í, nítorí kò mọ bó ṣe ń ṣí, kò sì mọ bó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn ikú wọn ni àyè ibẹ̀ tó fẹ̀ sí i. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, tí àwa máa ń dáhùn láìgbójú kúrò lórí fóònù, inú irú ikú bẹ́ẹ̀ ló ti jáde.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ náà ti wà lórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Lára 737 àtijọ́, ńṣe ni wọ́n ń fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ apá yẹn wọlé kí wọ́n tó jù ú síta. Lára -700 àti -800, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé sókè. Oríṣi méjèèjì ti fò lójú ọ̀run wa. Nínú èéfín, ohun tó ti mọ́ òṣìṣẹ́ lára ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe, bí wọ́n tilẹ̀ ti pààrọ̀ bàálù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wo ti páwà báǹkì. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 2025, bàálù Air Busan kan jóná nílẹ̀ ní Gúúsù Kòríà. Gbogbo èèyàn 176 jáde láàyè, àwọn olùwádìí sì ní ó jọ pé páwà báǹkì ló fà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti sọ pé kò gbọdọ̀ sí nínú àpótí òkè orí mọ́, kó wà níbi tí ojú ti lè tó o. Ọmọ Yunifásítì Ifẹ̀ tó wọ mọ́tò ní Mayfair, méjì ló máa kó sínú báàgì, nítorí iná ìjọba kò ṣé gbẹ́kẹ̀ lé. Òṣìṣẹ́ tó ń lo ìwé ọdún 2024 yóò bá a gbé báàgì náà sókè tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí n fi Japan ṣàpẹẹrẹ, ẹ má sì sọ fún mi pé ibẹ̀ yàtọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1985 kan náà ni bàálù Japan Airlines pa èèyàn 520. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2024, òmíràn lára tiwọn forí sọ bàálù mìíràn ní pápá bàálù Haneda, ó gbiná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ kú. Àwọn òṣìṣẹ́ yọjú wo ìta, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn 3 péré nínú 8, wọ́n ń fi ohùn ara wọn pàṣẹ. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè.

Tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, bàálù Associated Airlines tó ń gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ já lulẹ̀ ní Èkó kété tó gbéra. Ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Àwọn awakọ̀ bá eré lọ. Lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́ inú bàálù. Ṣùgbọ́n àìka ìlànà sí tó wà níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ rò pé ó máa ń dúró síwájú?

Àwọn òṣìṣẹ́ á ní àtúnṣe máa ń wọlé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì lóru, lẹ́yìn tí wọ́n ti fò káàkiri láti òwúrọ̀. Òótọ́ ni, ìwà ìrẹ́jẹ sì ni: kí iléeṣẹ́ sanwó wákàtí tí wọ́n fi ń kà á, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n kò sí bí àárẹ̀ ṣe lè sọ ìwé gbígbó di tuntun.

Kí àwọn olùyẹ̀wò NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, máa dé Ìkẹjà kí bàálù àkọ́kọ́ tó gbéra, kí wọ́n béèrè nọ́ńbà àtúnṣe lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí bàálù bá tìtorí ìyẹn di ọ̀sán, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ gan-an sójú pátákó níbi tí èrò ti ń dúró. Kí wọ́n má ṣe kọ "operational reasons" síbẹ̀.