Táyà tíà-rọ́bà tó ti darúgbó: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àwọn táyà tí wọ́n tò jọ sẹ́bàá títì ní Ìbàfò, Mowé àti Ìfọ̀. Gbogbo wọn ló dúdú, gbogbo wọn ló ń dán. Ọlọ́jà á ní, "Ọ̀gá mi, tíà-rọ́bà ni o, ẹ mówó wá." Awakọ̀ tí ọlọ́kọ̀ ń retí owó lọ́wọ́ ẹ̀ lálẹ́, èyí tówó ẹ̀ wálẹ̀ jù ló máa mú.

Nígbà kan, wọ́n ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí. Michelin ti iléeṣẹ́ ẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà dáwọ́ dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Ló bá di pé òkè òkun ni ká máa wò. Ibẹ̀ làwọn oníwàyó ti ráyè. Kí kọ̀ńténà kan lè gba púpọ̀, wọ́n á ká táyà kan sínú òmíì. Wáyà inú ẹ̀ á ti wọ́, òmíì á ti já. Tí wọ́n bá yọ ọ́, á tún padà rí roboto, ojú ò ní í rí nǹkan kan. Ó di orí eré kó tó fọhùn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí àjọ SON gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ lọjọ́ orí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. SON ní táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́rin kò yẹ lọ́jà, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó rí. Tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ máa lọ. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò bóyá ó ti sán, kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ inú ẹ̀ bóyá ó ti ká rí. Ẹ̀yin onídánfó, ẹ wá lẹ́tà C lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi 195R14C. Èyí tí kò ní in, mọ́tò kékeré ni wọ́n ṣe é fún, kò lè gbé ẹrù èrò.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ olówó, kò mọ tálákà. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ wọn bá ìjàǹbá mọ́tò lọ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní táyà ẹ̀yìn ló bẹ́ lórí eré.

Awakọ̀ ló ná owó táyà, àmọ́ ìyá tó wọ bọ́ọ̀sì ní Mowé láàárọ̀ kùtùkùtù ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nájà. Òun náà ló sì máa jókòó lé e lórí.