ÀWÀDÀ KỌ́ LẸ̀ṢẸ̀ O

Àwọn alàgbà kan ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ń po ẹ̀fẹ̀, Arsenal àti ẹ̀tọ́ aráàlú pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A ò bá wọn ráhùn. Ṣé Èlíjà ò fi àwọn wòlíì Báálì ṣe yẹ̀yẹ́ lórí òkè Kámẹ́lì ni? Mr Macaroni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá kó o níbi ìwọ́de Lẹ́kí, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2021. Àwa pásítọ̀ mélòó ló débẹ̀?

Ti fáànù yẹn gan-an ló ń bí wa nínú. Bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá hùwà ìkà, ẹ óò máa gbèjà rẹ̀ bí ẹni ń gbèjà kíláàbù. Ẹ̀ ń ṣe é fún àwa pásítọ̀ náà, ẹ má rẹ́rìn-ín!

Oṣù kìíní ọdún 2021 yẹn kan náà, tírélà pa èèyàn lẹ́bàá géètì yunifásítì ní Akùngbá, níbi tí gbogbo wa ń gbà láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Ọjọ́ mélòó la fi sọ ọ́ ká tó padà sórí bọ́ọ̀lù?