Ẹyẹ tí kò kún ìkòkò ọbẹ̀: ìdí tí mo fi ń ya fọ́tò ẹ̀ létí òkun Ìlàjẹ

1/ Ẹ jókòó ná, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé fọ́tò ẹyẹ kékeré etí òkun síbí, ẹnì kan á ṣáà béèrè pé: "Èyí tí ò lè kún ìkòkò ọbẹ̀ yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀rín máa ń pa mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, mo sì ní èsì.

2/ Ẹyẹ náà nìyí. Sanderling ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó. Láti ẹnu dé ìrù, ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 péré. Ẹ̀yìn ẹ̀ rí bí eérú, ikùn ẹ̀ funfun báláú, ẹnu àti ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú. Tí ìgbì bá fà sẹ́yìn, á sá tẹ̀lé e. Tí ìgbì bá padà dé, á sáré gòkè. Ẹ ti rí i rí. Ẹ kàn ò wò ó dáadáa ni.

3/ Kì í ṣe eré ló ń ṣe o, oúnjẹ ló ń wá. Nígbà tí omi bá fà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú iyanrìn á sún mọ́ òkè, á sì yára ṣà wọ́n jẹ. Àwọn onímọ̀ wo èyí ní etíkun Esiama ní Ghánà, wọ́n sì rí i pé àwọn ẹran omi kéékèèké oníkarahun méjì ló ń jẹ jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gan-an, ìka mẹ́ta iwájú nìkan ló ní. Kò ní ti ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ní.

4/ Níbo ló ti wá? Àríwá ayé pátápátá: Greenland, Kánádà, Rọ́ṣíà. Ibẹ̀ ló ti ń yé ẹyin. Tí òtútù bá fẹ́ dé, á gbéra. Láti Greenland dé Ìlàjẹ ju kìlómítà 7,000 lọ. Ẹ wò ó, àwa ń já pa lọ síbi òtútù, òun ń já pa kúrò níbẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Láìní físà.

5/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ mọ̀ pé etí òkun wa kì í ṣe oríṣi kan. Lápá Arárọ̀mí, iyanrìn ni. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sápá ìlà-oòrùn, lọ sí Ayétòrò àti Awóyè, ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Sanderling fẹ́ràn iyanrìn, torí náà Arárọ̀mí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá a lọ, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹrin.

6/ Bí mo ṣe ń yà á: mo máa ń lọ ní àárọ̀, nígbà tí òkun bá ti fà. Màá jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn mi. Màá jókòó sórí iyanrìn, màá rọra gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó bá ojú ẹyẹ dọ́gba, màá sì dákẹ́. Tí èèyàn ò bá mira, òun fúnra ẹ̀ á sáré wá sí tòsí. Tẹ́ ẹ bá ń lo fóònù, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, kí funfun ikùn ẹ̀ má baà tàn jù.

7/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn kẹ́ ẹ lè rí fídíò tí gbogbo wọn ti fò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ó máa ń rí láìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ẹyẹ yìí ń kó jọ síra níbí ló máa fi rin ìrìn àjò padà. Ẹni tó ń lé e ń ná owó ọkọ̀ ẹ̀ fún un.

8/ Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ máa ń so òrùka aláràbarà mọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Tí àwọ̀ òrùka yẹn bá hàn nínú fọ́tò yín, wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti so ó àti ìgbà tí wọ́n so ó. Fọ́tò tí ò dùn ún wò rárá lè sọ ìtàn odindi ìrìn àjò.

9/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ojú abẹ níkòó. Kí làwọn oníkámẹ́rà ń wá yà ní Ìlàjẹ? Ilé tó wó. Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkìkí ẹ̀ kàn káàkiri, òkun ti gbé ilé lọ níbẹ̀ láìmọye. Ó yẹ kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì máa yà á lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwókù nìkan layé ń rí, wọ́n á rò pé kò sóhun tó ṣẹ́ kù tó yẹ kí ẹnikẹ́ni dáàbò bò.

10/ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Òndó fẹ́ kọ́ èbúté ńlá sí Ìlàjẹ. Mi ò lòdì sí i, àwọn ọ̀dọ́ wa nílò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti 1992 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ ohun tó máa ṣe sí àyíká wò. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ ohun tó ń gbé etí òkun wa, ó rọrùn kí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, kó kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

11/ Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ohun tó rí sórí eBird, tí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ń bójú tó. Àwọn Nigerian Bird Atlas Project tiẹ̀ pín gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú lóròó, kí àwọn olùfẹ́ ẹyẹ lè máa kọ ohun tó wà níbẹ̀. Lójú tèmi, fọ́tò tó ṣe bàìbàì, tó ní ọjọ́ àti orúkọ ibi tí wọ́n ti yà á, sàn ju èyí tó rẹwà tí ò ní nǹkan kan lábẹ́.

12/ Ẹnì kan á ní: "Àwọn èèyàn ò rílé gbé, ẹ̀ ń ka ẹyẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni. Torí iyanrìn kan náà ni. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iyanrìn kì í ṣe ojú ọ̀run. Tó bá tán, ẹyẹ pàdánù oúnjẹ, apẹja pàdánù ibi tó ń fa ọkọ̀ gùnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń jà fún ọ̀kan ń jà fún èkejì.

13/ Ohun kan ló tún ń dùn mí: orúkọ òyìnbó ni mò ń pe ẹyẹ yìí látòkè. Àwọn bàbá wa tó ti ń pẹja látìgbà èwe mọ àwọn ẹyẹ etí òkun ju ìwé lọ. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, ẹ fi fọ́tò han bàbá yín àgbà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè é, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

14/ Nígbà tẹ́ ẹ bá tún dé etí òkun, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ya ara yín tán, ẹ ya ẹyẹ kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọjọ́. Ẹ kọ ibi. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí. Tí bàbá yín bá sì ti sọ orúkọ ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi lábẹ́ ibí.