Ẹnu Ni Kí A Kà, Kì í Ṣe Ìkòkò

Ẹ̀yin olóyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá síwájú yín lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wò ó, nítorí àwọn baba wa ni wọ́n wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá bi wá léèrè lónìí pé, kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta inú ilé wa jẹ lánàá, mélòó nínú wa ni yóò dáhùn láìkọ́kọ́ pe ìyàwó? Bí baálé kò bá mọ ti ilé ara rẹ̀, báwo ni ìjọba yóò ṣe mọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè?

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò fara sin. A ó lọ láti ilé dé ilé, a ó béèrè, a ó wọ̀n, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 2001 dé 2003 ni ìjọba Nàìjíríà àti ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Ìbàdàn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, 42 ni kò ga tó bí ọjọ́ orí wọn ti tó. Ní 2018, ìwádìí mìíràn lórí ìlera tún rí 37 nínú 100. Ìwádìí lórí oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò sì tún wáyé káàkiri orílẹ̀-èdè títí di 2021. Ogún ọdún! Ọmọ tí a wọ̀n nígbà àkọ́kọ́ ti tó bí ọmọ tirẹ̀ kí a tó padà wá béèrè ohun tó wà nínú àwo. Oníṣòwò wo ni yóò ka ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lógún ọdún tí gbèsè kò ní ká a mọ́lé?

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akọ̀wé ìwádìí, tí wọ́n ń wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlara ni wọ́n pa á sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Àwọn tí wọ́n fi igba ka ebè iṣu, tí wọ́n fi ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ka owó ẹyọ, kì í ṣe ẹni tí ń sá fún ìṣirò. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé owó orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹni tó bá rántí Ogun Àdùbí ti 1918 nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Iṣẹ́ olóyè gan-an nìyẹn: kí ó lu agogo, kí ó sì ṣàlàyé fún ará ìlú kí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo irú ìbéèrè tí a ó béèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Láti 2010 ni ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ nǹkan bí 5,000 ìdílé wò, tí wọ́n ń béèrè ohun tí ìdílé jẹ láàárín ọjọ́ méje. Iṣẹ́ rere ni, ó sì wúlò fún mímọ ohun tí a ń rà. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ ilé ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ, kì í sọ ọ̀nà ọ̀fun tó gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1940, nígbà ogun, oúnjẹ tí ènìyàn ń rà jẹ níta kò sì wọ ìṣirò wọn dáadáa títí di 1994.

Ẹ wo inú ilé tiwa. Ẹran márùn-ún wà nínú ọbẹ̀, ènìyàn mẹ́fà sì ń jẹun. Bàbá mú mẹ́ta, ìyá àti ìyá àgbà mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ọbẹ̀ kan àwọn ọmọ mẹ́ta, nítorí a ti sọ fún wọn pé ẹran àti ẹyin a máa sọ ọmọ di olè. Bí a bá fi iye orí pín ìkòkò yìí, gbogbo wọn ló jẹ ẹran lórí ìwé. Nínú ikùn, ọmọ kankan kò jẹ ẹ́. Kí ni a ó tún sọ nípa ilé olóbìnrin mẹ́ta, níbi tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ti ń dá iná tirẹ̀, tí bàbá ń jẹ nínú ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àti ọmọ tó ra àkàrà lọ́nà ilé ìwé, tó tún jẹ ẹ̀kọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà? Ìkòkò wo ni a ó kọ wọ́n sí?

Nítorí náà ni mo ṣe ń wí pé ẹnu ni kí a kà. Kí a bi olúkúlùkù ní ohun tó jẹ láti àárọ̀ àná, kí a sì tún padà lọ́jọ́ mìíràn, nítorí ọjọ́ ọdún kì í ṣe ojoojúmọ́. Kí akọ̀wé náà gbọ́ ẹ̀ka èdè ibi tí ó lọ. Kí ó mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú kì í ṣe àsáró, pé gbúre kì í ṣe tẹ̀tẹ̀, àti pé òkèlè àgbẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú òkèlè ọmọdé. Kí a má sì fi ọkùnrin àti arúgbó sílẹ̀. Àwọn ìyá, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ìwádìí 2021 gbájú mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń dá olóyè gúnlẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a ka àbájáde rẹ̀ ní ààfin, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí a bi léèrè lè gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yin àgbà, a máa ń fi í yangàn pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A wà lọ́jà, orí náà sì ti wọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún akọ̀wé. Kí ó tó dé, ẹ jókòó ti àwo ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀.